Ẹnu Tí Màmá Fún Màríà

Tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé ní Ìdáàṣà, ilé wa kì í ṣe tiwa mọ́. Ọdún Màríà ló ń bọ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn á máa ti Kùtọ̀nù, Àjàṣẹ́ àti Parakú wá, àwọn mìíràn á ti Tógò wá, gbogbo wọn á forí lé ihò àpáta Màríà tí à ń pè ní Gúróòtì, wọ́n á sì sùn níbikíbi tí wọ́n bá ti rí ilẹ̀ tẹ́ ẹní sí. Àwọn ẹbí tí kò pè wá lórí fóònù láti ọdún Nọẹ́lì á rántí lójijì pé àwọn ní ilé kan lẹ́bàá òkè. Wọ́n á kó ọmọ wá, wọ́n á kó àdúrà wá, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé isu wá. Mo máa ń bínú sí wọn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Èmi àti Màmá nìkan là ń gbé ilé náà láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Aránṣọ ni mí. Kò sí ìgbà tí ọwọ́ mi ń dí tó àkókò yẹn, torí gbogbo obìnrin ìlú ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun tí wọ́n tẹ àwòrán Màríà sí, ìgbà tí ọdún bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń mú un wá. Iṣẹ́ ọ̀hún kò rọrùn. Ẹni tó ń gé aṣọ náà kò gbọdọ̀ gé Màríà lórí, òwú ìránṣọ kò gbọdọ̀ gba ojú rẹ̀ kọjá, oníbàárà á sì tún fẹ́ kí àwòrán náà bọ́ sí àárín ẹ̀yìn òun gẹ́lẹ́, bí ẹ̀yìn náà tilẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Mo máa ń bú wọn nínú, màá sì rán an.

Ìdáná ni ti Màmá. Àpótí kékeré kan ló ń jókòó lé níwájú ààrò, bí ilé bá sì ti kún, kì í dìde níbẹ̀. Ẹnu ló fi ń dáná. Ó ń pariwo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú: ẹ da omi sí i, ẹ yọ igi yẹn, ta ló fi ìkòkò sílẹ̀ láìdé, ìwọ tó o dúró bí òpó yẹn, ọmọ ta ni ẹ́. Oṣù kẹjọ ni isu tuntun ń dé, isu tuntun sì máa ń ṣàgídí lójú odó. Tí àwọn ọmọ àlejò bá ń gún iyán lẹ́yìnkùlé, ìró odó nìkan ni Màmá á gbọ́, á sì mọ̀ pé kókó ṣì wà nínú rẹ̀. Á ní, "Ẹ̀yin ará Kùtọ̀nù, ṣé iyán lẹ̀ ń gún ni àbí olè lẹ̀ ń lù?" Àwọn ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún un gún. Àjèjì tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ á rò pé ìjà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bínú sí i, àfi èmi tí orí ń fọ́ nídìí máṣíìnì.

Ṣùgbọ́n Màmá ní tánsíọ̀n, bí a ṣe ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún Màríà tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí, ó ṣubú níwájú ààrò, a gbé e dìde, ó sì tún ń bá ariwo rẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń wọn tánsíọ̀n fún un ní ibi ìtọ́jú kò fi ọ̀rọ̀ bò fún wa. Ó ní tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ nígbà ọdún, ó lè ṣubú kó má dìde mọ́, tàbí kó jẹ́ apá kan ara rẹ̀ ló máa dìde. Ó ní ariwo yẹn gbọ́dọ̀ dínkù, kí a jẹ́ kí ó farabalẹ̀. Ó fún un lóògùn, ó sì ní kó fi iyọ̀ sílẹ̀. Màmá ní ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ gan-an ló máa pa òun. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí, láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí Màmá la ọdún tó ń bọ̀ kọjá láìṣubú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mò ń pè ní Fòfó bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Kùtọ̀nù. Lọ́dún náà, ó tètè dé, ó sì pe gbogbo ilé jọ sí ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti ka nǹkan nínú fóònù rẹ̀ nípa ohun tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní sìtírẹ́ẹ̀sì, ó sì ń kà á fún wa bí ẹni ń ka Ìhìnrere. Kí èèyàn pín iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Kí èèyàn máa mí sínú, kó máa mí síta, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kí èèyàn tètè sùn. Kí èèyàn kọ ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Mo bi í bóyá fóònù náà sọ ẹni tó máa gún iyán.

"Ìwọ gan-an wà lára ohun tó ń gbé tánsíọ̀n Màmá sókè," ó ní. "Ẹnu rẹ le jù."

Inú bí mi, àmọ́ ohun tó ń fẹ́ ni èmi náà ń fẹ́. A fi ẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú ẹjọ́ lọ bá Màmá lọ́dún yìí. Bí omi bá tán, kí a má sọ fún un. Bí nǹkan bá ń jó lórí iná, kí ó rọra jó. Àbúrò Màmá obìnrin tó lọ́kọ sí Àjàṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Tàńtì, ní Màríà nìkan ló lè fún èèyàn ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kì í ṣe fóònù. Ó ní òun ti bẹ Màríà pé kí ó bá àwọn tún ẹnu Màmá ṣe.

Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ààrò. Fòfó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀ lọ́dún yìí."

"Ta ló gbé ara mi sókè?" Màmá dá a lóhùn. "Gbé igi yẹn wá kí iná yìí tó kú."

Àṣà kan wà láàárín àwọn ìyá àgbà àdúgbò wa tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé èèyàn. Ní ọjọ́ àìsùn ọdún, àwọn kan nínú wọn máa ń fún Màríà lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Láti ọ̀sán àìsùn títí wọn á fi gba Ara Olúwa ní Mísà ọjọ́ kejì, wọn kò ní sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á máa mi orí, wọ́n á máa fi ọwọ́ júwe. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá ní ni wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe é: ọmọ tó ń ṣàìsàn, ilẹ̀ tó di ẹjọ́. Èèwọ̀ sì ni kí a mú irú ìyá bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá la ẹnu nítorí rẹ, ẹ̀bẹ̀ tó bàjẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ. Màmá kò ṣe é rí. Ó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Kí n fún Màríà lẹ́nu? Kí ni màá wá fi mú àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣiṣẹ́? Màríà náà ti dáná rí, ó mọ̀."

Ọjọ́ àìsùn náà dé. Láti àárọ̀ ni Màmá ti ń pariwo bó ṣe máa ń ṣe, Fòfó sì ń mí ìmí ẹ̀dùn, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo rán an. Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nídìí máṣíìnì, aṣọ oníbàárà ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, mo gbọ́ tí Màmá ń bá ẹnìkan wí nípa igi tútù tó ń rú èéfín. Ọ̀rọ̀ náà kò parí. Ó ní, "Èéfín yìí, ẹ̀yin kò," ó sì dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ti yọ igi náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé tòrò. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo rán bùláòsì kan tán láìsí orí fífọ́. Mò ń gbọ́ ẹyẹ lórí máńgòrò, mò ń gbọ́ orin àwọn tó ń kọjá lọ sí Gúróòtì, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọgbọ́n Fòfó yìí, ó mà ń ṣiṣẹ́ o.

Tàńtì ló wá bá mi. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Ṣé o ti wo ìyá rẹ? Ó ti fún Màríà lẹ́nu."

"Màmá kọ́," mo ní.

"Lọ wò ó fúnra rẹ. Mo kí i, ó kàn mi orí ni. Mo bi í ní nǹkan, kò fọhùn. Àdúrà mi gbà."

Mo lọ. Màmá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ kan wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo iná. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní, "Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ ti fún Màríà lẹ́nu?" Ó gbé ojú sókè wò mí. Orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ tàbí orí náà kàn wúwo fún un. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ òsì, ó di ìró mi mú, ó fà á. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Tàńtì, tó tẹ̀lé mi wá, fà mí lápá láti ẹ̀yìn.

"Má jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọrùn rẹ ló máa wà o."

Mo rọra tú ọwọ́ Màmá kúrò lára ìró mi. Mo sọ fún un pé kó farabalẹ̀, pé a máa ṣe gbogbo rẹ̀. Oníbàárà kan ti ń pè mí níwájú ilé, ó ti ń bínú, mo sì sáré lọ dá a lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, iyán jáde. Kókó kún inú rẹ̀. Gbogbo wa jókòó yí abọ́ ká, a bu òkèlè, a rí kókó náà, ojú wa sì lọ sí ìdí ààrò lẹ́ẹ̀kan náà. A ń retí rẹ̀. Màmá wo abọ́ náà, kò sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Fòfó na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ó ní, "Ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé ó ṣeé kọ́." Ó dìde, ó lọ dì mọ́ Màmá, Màmá sì fara tì í pátápátá, orí rẹ̀ sùn sí èjìká rẹ̀. Omi bọ́ lójú Fòfó. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí òun ti dàgbà, Màmá kò fara ti òun bẹ́ẹ̀ rí.

Àwa méjèèjì la mú un wọlé lọ sùn. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀. A ní ó ti rẹ̀ ẹ́, torí láti ìdájí ló ti jókòó síbi kan. Kò pẹ́ tó fi ń hanrun, Tàńtì sì ní kí gbogbo ilé rọra máa rìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, ó ṣì ń sùn. Mo ní kí n dúró tì í. Fòfó ní rárá, oorun ni oògùn rẹ̀, tí mo bá dúró, màá kàn jí i pẹ̀lú máṣíìnì mi. Ó gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ Mísà bí ó bá jí. Àlùfáà á wá gbé Ara Olúwa fún un nílé lẹ́yìn Mísà, ẹnu rẹ̀ á sì là. Báyìí ni Tàńtì ṣe tò ó. Gbogbo wa bá jáde.

Èrò pọ̀ ní Gúróòtì débi pé èèyàn kò lè gbé ọwọ́ sókè. Àwọn kan gun àpáta, àwọn kan jókòó sórí gbòǹgbò igi. Èmi ń wo ẹ̀yìn àwọn obìnrin, mò ń wo àwọn aṣọ tí mo rán, bóyá Màríà bọ́ sí àárín. Fòfó ti fi ìdúpẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ka ẹ̀bẹ̀ àti ìdúpẹ́ àwọn èèyàn nínú Mísà. Nígbà tó kàn án, ẹni tó ń kà á gbé ohùn sókè nínú ẹ̀rọ: ọmọ kan ń dúpẹ́ lórí ìyá rẹ̀, ẹni tí Wúńdíá Màríà fún ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lásìkò ọdún yìí. Gbogbo èrò náà ṣe Àmín. Tàńtì ń sunkún ayọ̀. Èmi náà ṣe Àmín, ó sì ti inú mi wá.

Nígbà tí a padà délé, rédíò ṣì ń kọrin. Màmá wà lórí ibùsùn bí a ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀, aṣọ ibùsùn sì ti tutù fún ìtọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tàńtì kò rí ìyẹn. Ó bu omi sínú ife, ó jókòó tì í. Ó máa ń pè é ní Dàdá, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin.

"Dàdá, Mísà ti parí. Ẹ mu omi, àlùfáà ń bọ̀. Ẹ lè sọ̀rọ̀ tó bá yá."

Ó da omi sí i lẹ́nu. Omi náà gba igun ẹnu rẹ̀ ọ̀tún jáde, ó ṣàn lọ sí ọrùn. Tàńtì ní, "Ẹ gbé e mì," ó tún da òmíràn sí i, ìyẹn náà tún ṣàn jáde. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún Màmá sókè, mo fi í sílẹ̀, ó sì já lulẹ̀ bí aṣọ tí èèyàn jù sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo figbe ta. Mo ké débi pé àwọn tí mi ò mọ̀ rí yà wọlé láti ojú títì.

Kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Gbogbo ọkọ̀ arìnrìn-àjò ló ti di ojú ọ̀nà pa, àwọn tó wà nínú wọn sì ń kọrin. A rí alùpùpù akérò kan, èyí tí à ń pè ní sẹ́mijàn. Fòfó gbé Màmá sáàárín òun àti ẹni tó ń wà á, ó fi ìró so ó mọ́ ara rẹ̀ kó má baà ṣubú, wọ́n sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín èrò. Èmi ń fẹsẹ̀ sáré tẹ̀lé wọn. Àwọn obìnrin tí mo ránṣọ fún ń kí mi kú ọdún. Mò ń fi ìgúnpá tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì, mò ń ti Màríà tó wà lẹ́yìn wọn, mi ò sì dá ẹnìkan lóhùn.

Màmá kò kú lọ́jọ́ náà. Ó wà pẹ̀lú wa títí ọyẹ́ fi dé, lórí ẹní tí a tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń yí i padà. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ kankan títí ó fi lọ. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìrora, pé ara á tù ú lọ́hùn-ún. Mi ò bá wọn jiyàn. Inú kò bí mi sí wọn tó bó ṣe ń bí mi tí mo bá rántí ọjọ́ ọdún ní ilé ìwòsàn, nígbà tí dókítà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọkùnrin tí kò dàgbà púpọ̀ ni, iṣẹ́ ọdún ti rẹ òun náà. Ó gbé ìpéǹpéjú Màmá, ó fi nǹkan fa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọn tánsíọ̀n rẹ̀, ó sì tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwa mẹ́ta.

"Láti ìgbà wo ni kò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́?"

"Láti ọ̀sán àná," Tàńtì ní.

Dókítà náà wò ó. Ó ní àìsàn yìí, bí a bá tètè gbé e wá, nǹkan wà tí àwọn lè gbìyànjú rẹ̀. Ó ní láti ọ̀sán àná sí ọ̀sán òní ti jìnnà jù.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?" ó bi wá.

"Gbogbo wa la rí i," mo ní.

"Gbogbo yín? Ẹ rí i pé obìnrin yìí ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ẹ sì rí i pé kò sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́sàn-án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

Tàńtì bojú. Èmi ń wo ilẹ̀. Màmá dùbúlẹ̀ láàárín wa, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń gbọ́ wa. Fòfó ló dáhùn, torí kò mọ irọ́ pa rí láti kékeré.

"A dúpẹ́," ó ní.